Àwòrán Ni Yóò Sọ Ibi Tí Kámẹ́rà Kọjú Sí

Ẹni tó bá dúró sí ìta gbangba ní Sekona lálẹ́, tó kọjú sí àríwá, tó na apá rẹ̀ gbọọrọ, tó wá di ẹ̀ṣẹ́ lé ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, Ìràwọ̀ Àríwá kò ní yọ lókè ẹ̀ṣẹ́ náà. Ẹ̀ṣẹ́ àgbàlagbà máa ń bo nǹkan bíi dígírì 10 lójú ọ̀run. Sekona, tó wà lójú ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ sí Ẹdẹ, kò sì tó dígírì 8 sí ìlà agbedeméjì ayé. Bí ìlú bá ṣe jìnnà sí ìlà yẹn tó níhà àríwá, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ náà ṣe ń ga tó lójú àwọn ará ibẹ̀. Ní London, ó ga ju dígírì 50 lọ. Ní Sekona, ọ̀pẹ kan ṣoṣo lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan àgbẹ̀, kò kan awakọ̀, kò sì kan ẹni tó ti wọlé sùn. Ẹni tó fẹ́ ya àwòrán ojú ọ̀run ló kàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwé tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí tí kì í sọ ọ́ ní ojú ewé àkọ́kọ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wá Ìràwọ̀ Àríwá, kó kọ ẹ̀rọ rẹ̀ sí i, kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyẹn ń gbé. Ẹ̀kọ́ wọn kò burú, ojú ọ̀run tiwọn ni wọ́n fi kọ ọ́.

Sọ́fítíwíà kan ti wà báyìí tí wọ́n ṣe láti gba àwọn ará ọ̀hún lọ́wọ́ wàhálà tí kò tó nǹkan. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ń gbé kalẹ̀ ni pé àwọn tó ń gbé nítòsí agbedeméjì ayé, àwọn tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, ni sọ́fítíwíà náà wúlò fún jù.

Kí a kọ́kọ́ wo ìṣòro náà dáadáa. Ayé ń yí, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó dúró lórí ilẹ̀, ojú ọ̀run ló ń rìn, dígírì 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà tó dúró lórí sítáǹdì lásán, tí wọ́n ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn, ìlà ni yóò fa dípò ìràwọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ oní-mọ́tò, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mount, tó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tẹ̀lé ìràwọ̀. Òpó tí mọ́tò yìí ń yí lé lórí gbọ́dọ̀ kọjú síbi kan náà pẹ̀lú òpó tí ayé fúnra rẹ̀ ń yí lé lórí. Ní Jámánì, òpó yẹn nà sókè díẹ̀ ju ìdajì ìdúró lọ. Ní Sekona, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja. Àwọn ẹsẹ̀ oní-mọ́tò kan wà tí kò lè tẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn lè tẹ̀, ṣùgbọ́n irin tó gbé òṣùwọ̀n ẹ̀yìn wọn yóò máa kọlu ẹsẹ̀ sítáǹdì. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ béèrè èyí kó tó sanwó, torí pé ẹni tó ń tà á lè má rò ó rárá.

Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ báyẹn tún ń la afẹ́fẹ́ tó tó ìlọ́po méje èyí tí ìràwọ̀ òkè orí ń là kọjá. Fi ekuru ọyẹ́ kún un, fi èéfín oko tí wọ́n ń sun kún un. Lọ́pọ̀ òru láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, Ìràwọ̀ Àríwá kì í hàn rárá, bí kò tilẹ̀ sí igi níwájú.

Ìṣòro kejì kan gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ ará Sekona ìbáà jẹ́ ará Berlin: níbo gan-an ni lẹ́ǹsì yìí kọjú sí? Òṣùpá àrànmọ́jú kò ju ìdajì dígírì lọ ní fífẹ̀. Kámẹ́rà Canon tí àwọn oníyàwòrán ń gbé lọ síbi ìgbéyàwó, irú èyí tí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22.3 sí 14.9, bí wọ́n bá fi lẹ́ǹsì mìlímítà 300 sí i, ohun tí yóò rí lójú ọ̀run kò ju nǹkan bíi dígírì 4.3 sí 2.8 lọ. Púpọ̀ nínú ohun tó dára láti yà sì ni ojú kò rí. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, òkùnkùn birimù ni yóò bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ mélòó kan tí kò dá mọ̀.

Nígbà àtijọ́, fífò láti orí ìràwọ̀ kan sí òmíràn ni ọgbọ́n tó wà. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó mọ́lẹ̀, wọn yóò ṣí ìwé àwòrán ojú ọ̀run lábẹ́ iná pupa, wọn yóò máa sún díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi débẹ̀. Ọmọ Faransé kan, Charles Messier, kó ohun 103 jọ sínú ìwé tó jáde ní 1781, kí àwọn tó ń wá ìràwọ̀ onírù má baà ṣì wọ́n mú. Títí di òní, ìwé náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni fífò náà, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ojú ọ̀run bí ẹni mọ àdúgbò rẹ̀. Àmọ́ ó lè gba wákàtí méjì nínú òru tí ojú ọ̀run kò mọ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Ohun tí sọ́fítíwíà ṣe ni pé ó yí ìbéèrè náà padà. Kò béèrè lọ́wọ́ mọ́tò ibi tó wà. Àwòrán ló bi.

Kámẹ́rà yóò ya àwòrán kúkúrú, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí márùn-ún. Sọ́fítíwíà yóò wá ìràwọ̀ inú rẹ̀, yóò wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra, yóò fi wé àkójọ ìràwọ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà, yóò sì sọ ibi tí àárín àwòrán náà bọ́ sí lójú ọ̀run. Plate solving ni orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí.

Orion ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ojú lásán rí i, ó sì máa ń gba òkè orí kọjá ní Sekona láàárín aago 10 sí 11 alẹ́ ní àárín oṣù kìn-ín-ní. Ìràwọ̀ mẹ́rin ló dúró sí igun rẹ̀: Betelgeuse, Bellatrix, Rigel àti Saiph. Bí a bá fa ìlà láti orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí èkejì, ìlà mẹ́fà ni yóò jáde. Èyí tó gùn jù, láti Betelgeuse dé Rigel, jẹ́ nǹkan bíi dígírì 18.6. Láti Betelgeuse dé Saiph jẹ́ 17.2. Bellatrix sí Saiph jẹ́ 17, Bellatrix sí Rigel jẹ́ 14.8, Rigel sí Saiph jẹ́ 8.3, Betelgeuse sí Bellatrix sì jẹ́ 7.5. Bí a bá mú márùn-ún yòókù, tí a pín ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó gùn jù, a ó rí 0.92, 0.91, 0.80, 0.45 àti 0.40.

Nọ́ńbà márùn-ún yìí kì í yí padà. Kí kámẹ́rà dorí kodò, kí lẹ́ǹsì gùn tàbí kó kúrú, kí oníyàwòrán wà ní Sekona tàbí ní Sydney, bákan náà ni wọn yóò máa jáde. Ọ̀nà tí ASTAP, sọ́fítíwíà tí Han Kleijn kọ, ń gbà ṣiṣẹ́ gan-an nìyí: ìràwọ̀ mẹ́rin, ìlà mẹ́fà, nọ́ńbà márùn-ún. Nínú àwòrán tó há, tí kò lè gba gbogbo Orion, àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tí ojú kò rí ló ń lò, yóò sì kó wọn jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin lọ́pọ̀ ọ̀nà. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá bá àkójọ mu lójú kan náà, ó ti dá ibẹ̀ mọ̀. Yóò sọ àdírẹ́sì àárín àwòrán, yóò sọ bí kámẹ́rà ṣe tẹ̀ sí, yóò tún sọ iye tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bò lójú ọ̀run.

Astrometry.net ló kọ́kọ́ sọ ọgbọ́n yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Dustin Lang, David Hogg, Keir Mierle, Michael Blanton àti Sam Roweis kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ tó jáde ní 2010. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni tiwọn náà ń lò, àfi pé méjì tó jìnnà síra jù ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n, tí wọn yóò wá kọ ibi tí méjì yòókù bọ́ sí. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tó ní láti sọ ohunkóhun fún un tẹ́lẹ̀. Àwòrán tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n ti yà á, yóò sọ ibi tó jẹ́ lójú ọ̀run.

Àkójọ ìràwọ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ òfúrufú Gaia, tí àjọ ESA ti Yúróòpù rán lọ ní 19 oṣù kejìlá 2013, ló wọn èyí tó péye jù. Àkójọ kẹta rẹ̀ parí sí 2022, ìràwọ̀ bíi bílíọ̀nù 1.8 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ASTAP ṣa èyí tí kámẹ́rà lè rí nínú rẹ̀, ó sì gé e kúrú dé ibi tí fláàṣì kékeré kan fi lè gbé e. Ọ̀rọ̀ tó kan Sekona gan-an nìyí. Ẹni tó bá ti gbé àkójọ náà sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nílé kò nílò dátà mọ́ lóko; bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú. Owó kò sì sí nídìí rẹ̀. ASTAP jẹ́ ọ̀fẹ́. N.I.N.A., tí Stefan Berg bẹ̀rẹ̀, tó ń darí kámẹ́rà àti mọ́tò pa pọ̀, jẹ́ ọ̀fẹ́. KStars fún àwọn tó ń lo Linux jẹ́ ọ̀fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wíwọn ìràwọ̀ lórí àwòrán jẹ́ ohun àjèjì sí apá ibí yìí láyé. Ní 29 oṣù karùn-ún 1919, Arthur Eddington àti Edwin Cottingham dúró ní oko kòkó kan ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun Gulf of Guinea kan náà tó ń ru wọ etí ilẹ̀ Èkó. Òṣùpá bo oòrùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni oòrùn ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, gẹ́gẹ́ bí Albert Einstein ti wí. Gíláàsì tí wọ́n fi oògùn kùn ni fíìmù wọn. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ìkùukùu bo ojú ọ̀run, àwòrán 16 ni wọ́n yà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ní ìràwọ̀ tó ṣeé wọ̀n. Nọ́ńbà tí Einstein ti ṣírò sílẹ̀ ni 1.75, bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3600. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni èsì tó jáde ní London, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti tẹ orí ba lórí gíláàsì tiwọn àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó lọ sí Sobral ní Brazil, tí wọ́n ń wọn ìràwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wíwọ̀n náà ni láptọ́ọ̀pù ń ṣe báyìí, kò péye tó tiwọn, ṣùgbọ́n ó ń parí kí òùngbẹ tó gbẹ ẹni tó jókòó tì í.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lóko rèé. Ká ní ìkùukùu Orion, èyí tó wà láàárín ìràwọ̀, kì í ṣe ti òjò, ni wọ́n fẹ́ yà. Oníyàwòrán yóò yàn án nínú N.I.N.A., mọ́tò yóò gbé kámẹ́rà lọ síbi tó rò pé ó wà. Àwòrán kúkúrú yóò jáde, sọ́fítíwíà yóò kà á: dígírì kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣìnà. Yóò sọ fún mọ́tò pé ibi tó wà gan-an nìyí, kò sí níbi tó rò. Mọ́tò yóò tún ara rẹ̀ ṣe, yóò sún. Àwòrán kejì: ó ku díẹ̀. Àwòrán kẹta: àṣìṣe kò tó dígírì kan tí a pín sí ọ̀nà 60, ìyẹn nǹkan bíi píksẹ́lì 24 nínú 6000 tó wà lórí Canon tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ó parí. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì sí ẹni tó fi ojú wo ìràwọ̀ kankan.

Lọ́jọ́ kejì, tàbí lọ́sẹ̀ kejì tí ìkùukùu òjò bá tó kúrò, oníyàwòrán lè padà sí férémù kan náà gan-an, kó fi àwòrán tuntun lé ti tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ tí òru tó mọ́ kò pọ̀, àǹfààní yìí tóbi ju ti ìṣẹ́jú méjì yẹn lọ. Àwòrán tó dára máa ń gba wákàtí púpọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń kó o jọ.

Ìràwọ̀ Àríwá tí ọ̀pẹ bò ńkọ́? N.I.N.A. ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Three Point Polar Alignment. Yóò ya àwòrán kan níbikíbi tí ojú ọ̀run bá mọ́, ìbáà jẹ́ òkè orí, ìbáà jẹ́ gúúsù. Yóò yí mọ́tò díẹ̀, yóò ya èkejì. Yóò tún yí i, yóò ya ẹ̀kẹta. Àdírẹ́sì mẹ́ta ló ti wà lọ́wọ́ báyìí. Ojú mẹ́ta tó fún ni láti mọ òbìrí kan, àárín òbìrí náà sì ni ibi tí òpó mọ́tò kọjú sí. Nítorí pé oníyàwòrán ti sọ ibi tó wà àti aago tó lù, sọ́fítíwíà mọ ibi tó yẹ kí òpó náà kọjú sí. Yóò wá kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà: gbé e sókè báyìí, yí i sí ìlà-oòrùn báyìí. Oníyàwòrán yóò máa yí bóòtù, kámẹ́rà yóò máa ya àwòrán, nọ́ńbà yóò máa kéré sí i títí yóò fi súnmọ́ òdo.

Ìràwọ̀ Àríwá kò bá wọn dá sí i rárá. Ará London lè máa rò pé ohun èlò yìí dín ìṣẹ́jú márùn-ún kù fún òun. Ẹni tó wà ní Sekona, tí igbó kòkó yí ká, òun ló mọ̀ pé láìsí i, òru òun ti ṣòfò.

Ṣùgbọ́n mímọ ibi tí kámẹ́rà kọjú sí yàtọ̀ sí mímọ ohun tó yẹ kó wà nínú férémù. Sọ́fítíwíà lè fi férémù hàn kí ènìyàn tó jáde nílé. Oníyàwòrán yóò kọ gígùn lẹ́ǹsì àti ìwọ̀n ojú kámẹ́rà sí i, àwòrán ojú ọ̀run yóò ṣí, pẹ̀lú àpótí kan tó fi ohun tí kámẹ́rà yóò rí hàn. Stellarium ń ṣe é, N.I.N.A. ń ṣe é. Kí wọ́n yí àpótí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí wọ́n wo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde.

Orion kan náà tún ni àpẹẹrẹ. Ìkùukùu ńlá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta àárín. Lókè rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alnitak, ọ̀kan nínú ìràwọ̀ mẹ́ta náà, ni ìkùukùu dúdú kan tó jọ orí ẹṣin wà. Láti àríwá sí gúúsù, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 3. Canon wa pẹ̀lú lẹ́ǹsì 300 rí dígírì 4.3 lápá kan, 2.8 lápá kejì. Bí apá gígùn bá kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan nínú méjèèjì yóò bọ́ síta, bó ti wù kí àárín péye tó. Bí wọ́n bá yí kámẹ́rà kí apá gígùn lọ láti àríwá sí gúúsù, méjèèjì yóò wọlé, àyè yóò sì kù. Nítorí náà ni sọ́fítíwíà ṣe ń ka bí kámẹ́rà ṣe tẹ̀, tó ń sọ pé: yí i ní dígírì báyìí sí i. Ẹni tí kò bá wo èyí nílé yóò mọ̀ ọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta.

Lójú ẹni tó kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àárín gbùngbùn ni ibi tó rọrùn jù láti gbé nǹkan sí, kì í sì í ṣe ibẹ̀ ló máa ń dára jù. Oníyàwòrán ìgbéyàwó tí kì í gé gèlè ìyàwó kúrò nínú férémù ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìràwọ̀ onírù Tsuchinshan–ATLAS yọ ní ìwọ̀-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ oṣù kẹwàá 2024, orí rẹ̀ kò yẹ ní àárín. Ìrù rẹ̀ ló gùn, ìrù náà ló sì fẹ́ àyè. Gálásì Andromeda ní gálásì kéékèèké méjì tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá fi férémù há a mọ́ yóò pín wọn níyà. Sọ́fítíwíà kò mọ èyí. Ibi tí wọ́n bá sọ fún un pé kó gbé àárín sí ni yóò gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ ohun tó wà láti yà ní Sekona sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lọ. Òpó tó sùn gbalaja yẹn ní èrè tirẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ojú ọ̀run, ti àríwá àti ti gúúsù, ló ń kọjá níbẹ̀ láàárín ọdún. Andromeda ń ga ju dígírì 55 lọ. Omega Centauri, àgbájọ ìràwọ̀ ńlá tí kì í yọ rárá ní London, máa ń dé dígírì 35 ní Sekona lóru oṣù kẹrin. Ìkùukùu Carina ń dé bíi 22 láàárín òru oṣù kẹta. Àárín gálásì tiwa fúnra rẹ̀ ń ga ju dígírì 50 lọ, ó sì bani nínú jẹ́ pé oṣù kẹfà àti keje, nígbà òjò, ni àsìkò tó ń yọ láàárín òru. Ọ̀nà tó wà ni kí ènìyàn jí láàárọ̀ kùtù oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọyẹ́ ń gbé ekuru wá, ṣùgbọ́n ó ń lé ìkùukùu òjò lọ. Ìràwọ̀ òkè orí ṣì máa ń hàn. Òru tó tẹ̀lé òjò àkọ́rọ̀, tí òjò ti fọ ekuru kúrò lójú ọ̀run, ló máa ń mọ́ jù. Nígbà tí NEPA bá sì mú iná lọ (orúkọ yẹn ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é), ẹni tó ń ya ìràwọ̀ nìkan ni kì í ráhùn, bí bátìrì rẹ̀ bá ti kún. Kí ó ti fi ọ̀rọ̀ náà tó baálẹ̀ àti àwọn ọlọ́dẹ létí tẹ́lẹ̀ ni o. Ẹni tó dúró lóko láàárín òru pẹ̀lú iná pupa lórí àti nǹkan tó rí gbọọrọ lórí sítáǹdì kò ní rọrùn láti ṣàlàyé fún àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra wọn ti jáde. Seestar S50, tí ZWO gbé jáde ní 2023, ní lẹ́ǹsì, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà nínú àpótí kan. Fóònù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, plate solving ló sì fi ń wá ọ̀nà. Ó dára fún ilé ẹ̀kọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ lóòró, tí kò tẹ̀ sí òpó ayé, ohun kan wà tí ará Sekona gbọ́dọ̀ mọ̀: bí nǹkan bá ṣe súnmọ́ òkè orí ni àwòrán ṣe ń yára yí nínú férémù. Orion, nígbà tó bá ga jù ní Sekona, yóò máa yí ju dígírì kan lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, etí àwòrán yóò sì máa fà. Kí wọ́n yà á nígbà tó ṣì wà ní ìlà-oòrùn, tàbí nígbà tó bá ti rọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Èyí náà, ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá kì í sábà sọ ọ́, nítorí pé Orion kì í dé òkè orí níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń rà á.

Ibì kan wà tí àárín férémù ti ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Lóru 3 mọ́jú 4 oṣù kẹjọ 2018, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ láti òkè òkun àti àwọn ọmọ Senegal to tẹ́lískóòpù káàkiri ìgbèríko Senegal. Òkúta kan tó kọjá Pluto, tí wọ́n ń pè ní 2014 MU69 nígbà náà, ló fẹ́ gba iwájú ìràwọ̀ kan kọjá. Ọkọ̀ New Horizons ti NASA ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ bí òkúta náà ṣe rí kí ọkọ̀ tó dé. Ìwọ̀n ìràwọ̀ tí Gaia ṣe ló jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí òjìji náà yóò gbà kọjá lórí ilẹ̀. Maram Kaire, tó dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ sílẹ̀ ní Senegal, wà lára àwọn tó ṣe é. Ní 2021, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òkúta òfúrufú kan. New Horizons gba ẹ̀gbẹ́ 2014 MU69 kọjá ní 1 oṣù kìn-ín-ní 2019, Arrokoth ni wọ́n sì ń pè é báyìí.

Irú òjìji bẹ́ẹ̀ ń kọjá lórí Nàìjíríà náà lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún, ti àwọn òkúta tó súnmọ́ wa ju Arrokoth lọ. Occult Watcher, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan, máa ń to èyí tó ń bọ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún ibikíbi tí ènìyàn bá sọ pé òun wà. Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfúrufú tó ní àjọṣe pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti wà nínú ọgbà Obafemi Awolowo University láti 1998, kò jìnnà sí Sekona, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà. Tẹ́lískóòpù kékeré, kámẹ́rà, àti aago tó gba àkókò rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS tó láti fi ṣe é. Wọn yóò kọ aago tí ìràwọ̀ náà kú àti aago tó padà tàn, wọn yóò sì fi ránṣẹ́. Ìràwọ̀ tó tọ́ gbọ́dọ̀ ti wà nínú férémù kí àkókò tó pé, torí pé gbogbo rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, òkúta náà kò sì ní padà wá gba iwájú ìràwọ̀ yẹn kọjá mọ́.